Orí Karùn-ún: Kí Ló Dé Tó Jẹ́ Òru Ni Wọ́n Ń Gun Òkè Ayọnáyèéfín Tí Òjò Dídì Bò?

Ní àwọn òkè gíga ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí oṣù kẹrin ọdún títí wọ oṣù keje, àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n máa ń jí nínú àgọ́ ní nǹkan bí aago 12 òru, tí wọn yóò so irin eléyín mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà, tí wọn yóò de tọ́ọ̀ṣì mọ́ orí, tí wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè kan tí góńgó rẹ̀ ga ju mítà 3,000 lọ. Kí oòrùn tó mú ganrínganrín, wọ́n ti dé góńgó náà, wọ́n sì ti kọjú sí ìsàlẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn tilẹ̀ máa ń ru pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì, tí a mọ̀ sí síkì, gòkè lọ, kí wọ́n lè dè é mọ́ ẹsẹ̀ kí wọ́n sì fi yọ̀ wálẹ̀ ní ibi tí kò sí ẹ̀rọ agbénigòkè, tí kò sì sí òṣìṣẹ́ kankan tí ń tún ojú ọ̀nà ṣe. Ìbéèrè tí ẹni tí ó bá gbọ́ èyí fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò bèèrè ni pé, kí ló dé tí wọn kì í dúró kí ilẹ̀ mọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀sán ni ojú ń ríran dáadáa, tí òtútù sì ń dín kù?

Ìdáhùn tí ó tètè ń wá sí ẹnu ni pé ọ̀nà jìn, tàbí pé àwọn agunkè fẹ́ wo bí oòrùn ṣe ń yọ láti orí òkè. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà náà kúrú, tí oòrùn kò sì lẹ́wà rárá, òru náà ni wọn yóò ṣì gbéra. Ohun tí ó ń lé wọn jáde nínú àgọ́ ni ohun tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí pé òjò dídì aago 3 òru àti òjò dídì aago 3 ọ̀sán, bí wọ́n tilẹ̀ wà lójú kan náà, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jẹ́. Nínú orí yìí, òjò dídì ni èyí tí ó ń já bọ́ láti ojú ọ̀run ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó sì ń kó jọ sílẹ̀, omi dídì sì ni èyí tí ó ti le gbagidi.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú òkè tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ọ̀wọ́ òkè Cascade bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù British Columbia ní Kánádà, ó la ìpínlẹ̀ Washington àti Oregon kọjá, ó sì parí sí àríwá California. Lára àwọn òkè ayọnáyèéfín tí ó yọrí nínú rẹ̀ ni Mount Rainier tí ó ga ní mítà 4,392, Mount Shasta tí ó ga ní mítà 4,322, Mount Adams, Mount Hood, Mount Baker àti Mount St. Helens. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ti fún wọn lórúkọ kí òyìnbó tó dé ibẹ̀: Tahoma ni Rainier, Pahto ni Adams, Loowit sì ni St. Helens. Ohun tí ó bí wọn ni pé lábẹ́ òkun Pàsífíìkì, ègé èèpo ilẹ̀ kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Juan de Fuca ń rọra wọ abẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ, bí ó sì ti ń jìn sí i ni ooru àti ìfúnpá ń fún omi inú òkúta rẹ̀ jáde. Omi yìí ń wọ inú àpáta gbígbóná tí ó wà lókè rẹ̀, àpáta tí omi bá sì wọ̀ kì í nílò ooru tó èyí tí àpáta gbígbẹ nílò kí ó tó yọ́. Àpáta yíyọ́ náà a wá gòkè, a tú jáde pẹ̀lú eérú, a sì máa to ara rẹ̀ ní ìpele-ìpele títí yóò fi di òkè onígóńgó ṣóṣóró tí ó dá dúró gedegbe, tí ó sì ga fíofío ju àwọn òkè kéékèèké tí ó yí i ká lọ.

Dídá dúró yìí ni ó jẹ́ kí òjò dídì pọ̀ lórí wọn tó bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó ń ti orí òkun Pàsífíìkì bọ̀ kún fún ọ̀rinrin, nígbà tí ó bá sì kan àwọn òkè yìí, òkè ni ó gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Bí ó ti ń gòkè ni ó ń tutù, bí ó sì ti ń tutù ni ọ̀rinrin inú rẹ̀ ń di òjò dídì. Ní ìgbà òtútù ọdún 1998 sí 1999, òjò dídì tí wọ́n wọ̀n ní ibùdó síkì Mount Baker tó mítà 28.96 ní àròpọ̀, ó sì gba ipò kìíní ní gbogbo ayé nínú irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, ó fi díẹ̀ ju mítà 28.5 tí wọ́n wọ̀n ní Paradise, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mount Rainier, ní ọdún 1971 sí 1972. Kì í ṣe pé òjò dídì náà ga tó bẹ́ẹ̀ lójú kan lọ́jọ́ kan, nítorí pé èyí tí ó rọ̀ lẹ́yìn a máa tẹ èyí tí ó rọ̀ ṣáájú mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìyókù rẹ̀ a ṣì máa nípọn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ mítà nígbà tí ìgbà ìrúwé bá dé, tí igbó ìsàlẹ̀ ti tutù yọ̀yọ̀, tí àwọn ará ìlú Seattle sì ti ń wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ẹni tí ó bá gbọ́ pé àpáta yíyọ́ wà nísàlẹ̀ òkè yìí lè máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí ooru rẹ̀ kò fi yọ́ òjò dídì orí rẹ̀ dànù. Òkúta kì í tètè jẹ́ kí ooru gba inú rẹ̀ kọjá, àpáta yíyọ́ náà sì jìn ní ọ̀pọ̀ kìlómítà sílẹ̀, nítorí náà ooru tí ó ń ti inú òkè jáde kéré jọjọ sí èyí tí oòrùn ń dà lé e lórí, àyàfi ní ìwọ̀nba ojú ihò tí a ó padà sọ̀rọ̀ nípa wọn. Oòrùn, kì í ṣe iná abẹ́ ilẹ̀, ni ọ̀gá tí ó ń pàṣẹ fún òjò dídì òkè ayọnáyèéfín.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí ọ̀gá náà bá rán ni òjò dídì ń gbà. Nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó bá bọ́ sórí òjò dídì tuntun, ìdá 80 sí 90 nínú ìdá 100 ni òjò dídì náà ń dá padà sójú ọ̀run. Àbùdá yìí ni a lè pè ní ìtapadà ìmọ́lẹ̀. Bí òjò dídì bá gbó, tí omi rin ín, tí erùpẹ̀ àti eérú sì bò ó, ìtapadà rẹ̀ lè wálẹ̀ dé ìdá 50, ìyẹn ni pé ooru tí ó ń wọ inú rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí òjò dídì oṣù kẹfà fi ń yọ́ kíákíá ju ti oṣù kejì lọ, yàtọ̀ sí pé oòrùn fúnra rẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ta padà yìí náà ni ó ń jó awọ ojú àwọn agunkè lábẹ́ àgbọ̀n àti nínú ihò imú, níbi tí oòrùn kì í dé lọ́jọ́ mìíràn, tí ó sì lè fọ́ ẹni tí kò wọ jígí dúdú lójú fún ọjọ́ kan tàbí méjì.

Díẹ̀ tí ó bá wọlé nínú ooru náà, iṣẹ́ pàtàkì kan ni ó ń ṣe. Nígbà tí òjò dídì bá ti dé ojú òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò tún lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Gbogbo ooru tí ó bá gbà lẹ́yìn èyí, yíyọ́ nìkan ni ó ń fi ṣe. Ooru tí yóò yọ́ gíráàmù kan omi dídì pọ̀ tó èyí tí yóò gbé gíráàmù kan omi láti ojú òdo dé nǹkan bí 80 lórí òṣùwọ̀n náà. Ooru afarapamọ́ ni a ó máa pè é, nítorí pé ó ń wọlé láìsí pé òṣùwọ̀n gòkè rárá. Bí kò bá sí i, oòrùn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni ìbá pa gbogbo òjò dídì orí òkè wọ̀nyí rẹ́, ìkún omi tí yóò sì ṣàn wọ àwọn àfonífojì kò ní ṣeé fẹnu sọ. Ó tún ní apá kejì tí ó ṣe pàtàkì fún ìbéèrè wa: ooru tí omi náà gbà kí ó tó yọ́ ni ó gbọ́dọ̀ kó dànù tán pátápátá kí ó tó lè dì padà, èyí kì í sì í ṣe iṣẹ́ wákàtí kan.

Omi tí ó yọ́ ní ọ̀sán kì í ṣàn lọ lójú ẹsẹ̀. Ó ń rọra wọ ìsàlẹ̀ láàárín àwọn hóró òjò dídì, ó sì ń rọ̀ mọ́ wọn lára. Òjò dídì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ní apá àti ẹ̀ka ṣóńṣóṣóńṣó tí ó fi ń kọ́ ara wọn lọ́rùn. Omi a kọ́kọ́ jẹ àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí, hóró kọ̀ọ̀kan a sì di roboto. Lẹ́yìn náà ni hóró ńlá yóò máa gba ti hóró kékeré, nítorí pé ìwọ̀n ooru tí hóró kékeré fi ń yọ́ fi ṣínńṣín rẹlẹ̀ sí ti hóró ńlá. Bí ti kékeré ti ń yọ́ ni omi ń dì mọ́ ti ńlá lára. Ní ọjọ́ mélòó kan, òjò dídì tí ó rí bí ìyẹ̀fun nígbà òtútù ti di àkójọ hóró roboto tí ojú lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òru ni ó ń so àwọn hóró wọ̀nyí pọ̀, ibí yìí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́, nítorí pé wọ́n rò pé afẹ́fẹ́ tútù nìkan ni ó ń mú òjò dídì dì padà. Ohunkóhun tí ó bá ní ooru nínú, bó ti wù kí ooru náà kéré tó, ń ta á dànù ní ìtànṣán tí ojú ènìyàn kò lè rí, tí a lè pè ní ìtànṣán ooru. Òjò dídì tí ó funfun báláú lójú oòrùn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó mọ ìtànṣán yìí ta jù lọ láyé. Ọ̀làwọ́ ni nípa ooru, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í fẹ́ gba ìmọ́lẹ̀. Bí ojú sánmọ̀ bá mọ́, tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ, ìtànṣán náà a gba òfuurufú kọjá lọ ráúráú láìsí ohun tí yóò dá a padà, ojú òjò dídì a sì tutù ju afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí rẹ̀ lọ. Nítorí náà òjò dídì lè le gbagidi ní òru tí afẹ́fẹ́ wà ní ìwọ̀n 2 tàbí 3 lókè òdo. Ṣùgbọ́n bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, ìkùukùu náà yóò máa ta ìtànṣán ooru tirẹ̀ padà sílẹ̀, òjò dídì yóò sì wà ní rírọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kódà bí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kò bá yàtọ̀ sí ti òru àná. Ẹni tí ó bá gbé ilẹ̀ Yorùbá mọ iṣẹ́ ìtànṣán yìí láìmọ orúkọ rẹ̀, nítorí òun ni ó fà á tí òru ọyẹ́ fi ń mú ènìyàn wá aṣọ ìbora lẹ́yìn ọ̀sán tí ó gbóná janjan, nígbà tí òru òjò, tí ìkùukùu dúdú bò, a máa móoru títí di àfẹ̀mọ́jú.

Ohun tí òtútù òru ń ṣe sí àwọn hóró náà kò ṣòro láti fojú inú wò fún ẹni tí ó bá ti ní fíríìsà nílé. Bí iná mànàmáná bá lọ fún wákàtí mélòó kan, tí omi dídì wẹ́wẹ́ inú ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lára, tí iná sì padà dé, gbogbo wọn a ti lẹ̀ mọ́ ara wọn di òkúta kan ṣoṣo tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gbé lu ilẹ̀ kí ó tó fọ́. Omi tí ó wà láàárín wọn ni ó di àtè. Lórí òkè, ipele tí ó le báyìí lè nípọn ní ìwọ̀n ìka mélòó kan tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè gbé ènìyàn pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ láìrì. Irin eléyín abẹ́ bàtà a máa gún un ṣinṣin, ẹsẹ̀ kì í yọ̀, kì í sì í wọlẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ojú kan náà kọjá ní ọ̀sán yóò máa rì dé orúnkún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, agbára tí ìbá fi gun mítà 1,000 kò sì ní tó o fún 300.

Síkì ni ó fi bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń lọ hàn jù lọ, nítorí pé onísíkì kò fẹ́ kí òjò dídì le jù, kò sì fẹ́ kí ó rọ̀ jù. Láti gòkè, ó ń lẹ aṣọ onírun gígùn kan mọ́ abẹ́ pátákó rẹ̀, tí irun rẹ̀ dojú kọ ẹ̀yìn, kí pátákó náà lè máa yọ̀ síwájú ṣùgbọ́n kí ó má lè yọ̀ padà sẹ́yìn; bí ojú òjò dídì bá le ju ohun tí irun lè dì mú, a tú síkì, a gbé e kọ́ ẹ̀yìn, a sì fi irin eléyín rìn. Bí ó bá dé òkè ní aago 6 òwúrọ̀, tí ó sì fẹ́ yọ̀ wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ojú ọ̀nà yóò le bí kọnkéré, yóò sì máa gbọ̀n ọ́n láti ẹsẹ̀ dé eyín, bí ó bá sì ṣubú, kò sí ohun tí yóò dá a dúró. Ó gbọ́dọ̀ dúró kí oòrùn fi ìwọ̀n ìka kan tàbí méjì yọ́ lára ipele líle náà. Ní àkókò náà, hóró òkè ti tú kúrò lára ara wọn, wọ́n sì ń yí gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ lábẹ́ síkì, nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì le tó láti gbé ènìyàn dúró. Àgbàdo ni àwọn onísíkì ilẹ̀ náà ń pe irú òjò dídì yìí, nítorí hóró rẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn sì kà á sí ohun tí ó dára ju òjò dídì tuntun ìgbà òtútù lọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í pẹ́. Bí oòrùn bá ti yọ́ ipele líle náà tán, a di ẹ̀kọ gbígbóná tí síkì ń rì sí, gbogbo sáà tí ó dára náà sì lè má ju wákàtí kan tàbí méjì lọ lójú kan.

Lójú kan, ni a wí, nítorí pé òkè onígóńgó ní ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí gbogbo ìhà. Oòrùn a kọ́kọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn, lẹ́yìn náà gúúsù, lẹ́yìn náà ìwọ̀-oòrùn, àgbàdo sì ń pọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí tirẹ̀. Mount Adams, tí ó ga ní nǹkan bí mítà 3,743, ni àpẹẹrẹ tí ó mọ́ jù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ gúúsù rẹ̀ gòkè lọ́dọọdún, wọ́n a dé góńgó èké kan tí ń tan àlejò jẹ, èyí tí kò ju nǹkan bí mítà 190 lọ sísàlẹ̀ góńgó gidi, wọ́n a sì gba ibẹ̀ dé òkè pátápátá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà síkì tí ó lókìkí jù níbẹ̀ kọjú sí gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, oòrùn kì í sì í tètè débẹ̀. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n sáré dé òkè kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa a máa rí ara wọn níbi tí wọ́n ti jókòó nínú afẹ́fẹ́ tútù fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, tí wọ́n ń dúró de òjò dídì kí ó rọ̀. Ẹni tí ó bá mọ òkè náà dáadáa a sùn díẹ̀ sí i. Òfin òru, bí ó ti wù kí ó lágbára tó, kì í ṣe òfin aago. Òfin ìhà tí ẹ̀gbẹ́ òkè kọjú sí ni.

Títí di ibí yìí, ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn ni a ń sọ. Ohun tí ó mú kí òru di ọ̀ranyàn ni pé àtè òru kan náà tí ó ń gbé ẹsẹ̀ dúró ni ó so ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn mọ́ òkè. Bí omi bá ti pọ̀ láàárín àwọn hóró ju ohun tí wọ́n lè dì mú lọ, ìsopọ̀ wọn a já, òjò dídì tútù a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya lulẹ̀ láti ojú ibi kékeré kan, tí yóò máa fẹ̀ bí ó ti ń lọ, tí yóò sì wúwo tó láti gbá ènìyàn lọ sórí àpáta tàbí sínú kòtò. Àmì tí ó máa ń ṣáájú rẹ̀ ni àwọn òkìtì roboto kéékèèké tí ń yí wálẹ̀ fúnra wọn, tí wọ́n sì ń fi ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn. Agunkè tí ó bá rí wọn, tí ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ sókè, kò gbọ́ ohun tí òkè ń sọ.

Òkúta náà ń bọ́. Òkè ayọnáyèéfín kì í ṣe àpáta kan ṣoṣo tí ó gbá jọ bí òkè Ìdànrè; ìpele eérú àti àpáta yíyọ́ tí ó ti le ni, èéfín gbígbóná inú rẹ̀ sì ti sọ apá kan lára rẹ̀ di amọ̀. Amọ̀ yìí ni ó jẹ́ kí apá ńlá kan lára Mount Rainier ya lulẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 5,600 sẹ́yìn, tí ẹrẹ̀ rẹ̀ sì ṣàn dé ẹ̀bá òkun. Ní ìwọ̀n tí kò tó bẹ́ẹ̀ rárá, lójoojúmọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi dídì ni ó ń di òkúta wẹ́wẹ́ orí àwọn ògiri náà mú ní òru, bí oòrùn bá sì ti kàn án ni wọ́n ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ ń gbọ́ ìró wọn kí wọ́n tó rí wọn.

Ìbòrí pàlàpálá ni ohun kẹta tí àtè òru ń dì mú. Rainier ni omi dídì pọ̀ lórí rẹ̀ jù nínú gbogbo òkè Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí àwọn ti Alaska. Nǹkan bí 25 odò omi dídì, ìyẹn omi dídì tí ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ìwúwo ara rẹ̀ fi ń mú un rọra ṣàn wálẹ̀, ni ó ní orúkọ níbẹ̀. Níbi tí odò bẹ́ẹ̀ bá ti gba orí gegele kọjá, ara rẹ̀ a là, pàlàpálá jíjìn a sì ṣí sílẹ̀, tí òjò dídì ìgbà òtútù yóò wá bò lójú. Ìbòrí yìí ni àwọn agunkè ń gbà kọjá, tí wọ́n so ara wọn mọ́ okùn kan, kí ẹni tí ó bá já wọlé lè rí ẹni dì í mú. Ní òru, ìbòrí náà le. Ní ọ̀sán, ó rọ̀. Ní oṣù kẹjọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wó tán.

Kò yẹ kí èyí mú ẹnikẹ́ni gbà pé òru ń dènà gbogbo ewu. Òtútù òru kì í wọlé jìnnà, odò omi dídì kò sì mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́ tàbí kò tíì mọ́, nítorí pé ìwúwo rẹ̀ ni ó ń tì í, kì í ṣe oòrùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1981, ògiri omi dídì kan ya lulẹ̀ lórí odò omi dídì Ingraham ní Rainier, ó sì pa ènìyàn 11, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé wọ́n pẹ́ jù. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè dín irú ewu yìí kù ni kí ènìyàn má ṣe dúró pẹ́ lábẹ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀, ní òru tàbí ní ọ̀sán.

Ihò èéfín ni ewu tí ó jẹ́ ti òkè ayọnáyèéfín nìkan. Níbi tí ooru abẹ́ ilẹ̀ bá ti rí ọ̀nà jáde, bí ẹ̀gbẹ́ góńgó Mount Hood, òjò dídì a máa yọ́ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ihò ńlá a sì wà lábẹ́ ojú ilẹ̀ tí ó funfun tí ó sì tẹ́jú. Òórùn bí ti ẹyin tí ó bàjẹ́ lè kìlọ̀ fún ènìyàn, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ carbon dioxide, tí ó ń bá èéfín náà jáde, kò ní òórùn, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, ó sì ń kó jọ sí ìsàlẹ̀ ihò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2006, lórí Mammoth Mountain ní California, òjò dídì tí ó bo irú ihò bẹ́ẹ̀ wó, òṣìṣẹ́ ibùdó síkì mẹ́ta sì kú, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí ó wọlé láti yọ àwọn méjì tí ó kọ́kọ́ já sínú rẹ̀. Ihò yìí kan náà ti gba ẹ̀mí là rí. Nígbà tí Hazard Stevens àti P. B. Van Trump dé góńgó Rainier ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 1870, ọjọ́ ti lọ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè sọ̀kalẹ̀ mọ́, wọn kò sì gbé aṣọ ìbora dání. Inú ihò omi dídì tí èéfín gbígbóná gbẹ́ ni wọ́n sùn, tí ooru ń bó wọn ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí òtútù sì ń gan wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọn kò gbéra lóru.

Bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ń jinlẹ̀ ni gbogbo ìṣirò yìí ń yí padà. Ojú òjò dídì kì í tẹ́jú mọ́: ibi tí ó bá kọ́kọ́ fi díẹ̀ jìn, ìmọ́lẹ̀ a máa ta láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sí èkejì nínú rẹ̀, a sì máa yọ́ ju ibi tí ó ga lọ, títí gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè yóò fi kún fún kòtò bí abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Ewédò kékeré kan, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n, a hù lórí òjò dídì náà, a sì tún dín ìtapadà ìmọ́lẹ̀ kù. Síkì lórí irú ojú bẹ́ẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n pinnu láti yọ̀ lórí síkì ní gbogbo oṣù méjìlá ọdún, àwọn wọ̀nyí ni a sì ń rí ní oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án lórí pápá òjò dídì tí ó wà lábẹ́ Camp Muir, ibùdó àwọn agunkè lórí Rainier, ní nǹkan bí mítà 3,000, tí orúnkún wọn ń jó lórí àwọn kòtò náà.

Nítorí náà, kí agunkè tó sùn ní ìrọ̀lẹ́, ohun méjì ni ó ń wá nínú ìròyìn ojú ọjọ́. Èkíní ni ìlà ìdì-omi, ìyẹn bí ó ṣe ga tó kí afẹ́fẹ́ tó dé ojú òdo. Èkejì, tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í bèèrè, ni bóyá ìkùukùu yóò bo ojú ọ̀run ní òru. Bí ó bá jí, ó ń fi gìgísẹ̀ bàtà gbá ilẹ̀ níwájú àgọ́. Bí bàtà bá ta padà bí ẹni pé ó gbá kọnkéré, ọ̀nà ṣí nìyẹn. Bí ó bá sì rì kọjá ọrùn ẹsẹ̀ ní aago 1 òru, nígbà tí ó yẹ kí gbogbo nǹkan ti le, a jẹ́ pé òtútù òru kò ṣiṣẹ́ rẹ̀, ìbòrí pàlàpálá kò le, òkúta kò sì dúró ṣinṣin. Ní irú òru bẹ́ẹ̀, àwọn afinimọ̀nà tí ó mọṣẹ́ a máa sọ fún àwọn oníbàárà tí wọ́n ti rin ìrìn àjò jíjìn, tí wọ́n sì ti san owó, pé kí wọ́n padà lọ sùn. Kò sí ìjì, òjò kò rọ̀, afẹ́fẹ́ tilẹ̀ lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn oníbàárà kan a sì bínú, nítorí ojú tí wọ́n fi ń wò ó, òru náà dára.